Kírẹ́díìtì Ta Ni?

Àwa tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tí a wá kọ́ Yorùbá n'Ìbàdàn, a ti fọwọ́ sí ìwé ká tó wọ bàálù: tí a bá fẹ́ kó wọ inú honors wa, a máa ṣe iṣẹ́ kan lé ti kíláàsì. Oríkì orílẹ̀ la yàn. A lọ bá àwọn ìyá àgbà ní Ọjà'ba. Wọ́n ní, "Ọmọ ta ni yín? Oríkì ilé tiyín ńkọ́?" Ẹnu wa wọhò. Ni kálukú bá ń pe ilé. Bàbá ọ̀kan nínú wa, tí kì í sọ Yorùbá sọ́mọ, ki Ìkòyí lórí fóònù títí ohùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Wọ́n fún wa ní kírẹ́díìtì mẹ́ta. Ó dáa. Ta ló máa fún bàbá yẹn ní tiẹ̀?