Ìwo Tí Kò Hù Síta

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o: pásítọ̀ yín máa ń gbá géèmù.

Lọ́dún 2006, kí n tó lọ sí sẹ́mínárì, mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń gbé ní Jos níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní géèmù kan tó ń jẹ́ Fable nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò jọ ti bọ́ọ̀lù tí ẹ mọ̀. Ẹ ó di ẹnì kan nínú ìtàn, ẹ̀yin lẹ ó sì máa yan ìwà tó máa hù. Tó bá ń ṣèkà, ìwo á hù lórí ẹ̀. Tó bá ń ṣe rere, ìmọ́lẹ̀ á yí orí ẹ̀ ká.

Níbẹ̀rẹ̀, ọmọdékùnrin kan ń wá owó tó máa fi ra ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Bàbá rẹ̀ ní òun á fún un ní owó wúrà kọ̀ọ̀kan fún gbogbo iṣẹ́ rere tó bá ṣe. Ló bá ká ọkùnrin kan tó níyàwó mọ́ ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú obìnrin mìíràn. Ọkùnrin náà na owó sí i pé kó pa ẹnu mọ́.

Èmi gba owó yẹn kíá. Oníṣòwò kan ní kí n bá òun ṣọ́ ọjà òun, mo fọ́ àwọn àgbá rẹ̀. Inú ayé ló ń bí mi nígbà yẹn. Nígbà tí ìwo hù, ẹ̀rín ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi rín.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí géèmù yìí lọ́wọ́ ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo ní kó jẹ́ kí n gbá a. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin ẹ̀yìn ilé yẹn, ọwọ́ mi ò gbé e. Mo ti jókòó ti àwọn ìyàwó tó ń sunkún jù. Mo kọ owó náà. Mo ṣọ́ àgbá oníṣòwò títí ó fi dé. Mo wá ń yin ara mi nínú pé mo ti dàgbà.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo bá gíláàsì fèrèsé wa ní fífọ́. Mo pariwo mọ́ ọmọ mi, àwọn aládùúgbò gbọ́. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Dádì, nínú géèmù, ẹ máa ń gbọ́ tẹnu ẹni kí ẹ tó dájọ́ fún un. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí.” Kì í ṣe òun ló fọ́ ọ.

Ẹ̀yin ará, ká ní ìwo máa ń hù láyé bíi ti inú géèmù ni, ọmọ mi ìbá rí i lórí mi lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jì mí. Ó ṣòro lẹ́nu bàbá.

Òótọ́ ni pé Olúwa ti ṣiṣẹ́ lára mi láti 2006. Géèmù fi ibi tí iṣẹ́ náà dé hàn mí, ọmọ mi sì fi ibi tí ó kù hàn mí. Ẹ̀yin òbí, lónìí, ẹ bi ọmọ yín léèrè kí ẹ tó bá a wí.

Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.