Omi Tí A Rán Ọmọ Pọn

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ojú ń tì wá díẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi tí ọyẹ́ sì ń fẹ́ kíkankíkan, àwa méjìdínlógún nínú ẹgbẹ́ gbéra ní Ìlọrin, a forí lé abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Àsà. Ọjọ́ márùn-ún ni a fẹ́ lò níbẹ̀. Sòbìà ló gbé wa lọ. Àìsàn yìí ń dá àgbẹ̀ dúró lóko, ó ń dá ọmọ dúró nílé ìwé. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 1988 sí 1989, iye wọn lé ní 650,000.

A kó aṣọ asẹ́ lọ, a kó ìkòkò lọ, a sì kó ẹnu lọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, Bàálẹ̀ pe àwọn èèyàn jọ síwájú mọ́sálásí, a sì ṣàlàyé fún wọn. Sòbìà kì í ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, kì í sì í ṣe èpè. Inú omi adágún ni ọmọ rẹ̀ wà, nínú kòkòrò kan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń fò ó. Ẹni tó bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ, ó di bí ọdún kan kí aràn tó lè gùn tó mítà kan tó lu ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Kò sí oògùn tó ń pa á. Ńṣe ni wọ́n ń rọra wé e mọ́ igi tín-ín-rín lójoojúmọ́. Bí ẹni tó ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá wọ omi, aràn náà á tú ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, gbogbo abúlé ni yóò sì mu ún. A ní ẹni tó ní egbò sòbìà kò gbọdọ̀ wọ adágún. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Àlúwàlá Àsúbáà ti gba gbogbo omi wa tán, ebi sì ń pa wá. A rí ọmọbìnrin kan tó gbé garawa, a ní, "Jọ̀ọ́, bá wa pọnmi wá." Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó lọ. Ó lọ, ó bọ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá àgbà kan tó ń yáná ló bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ Áfáà, ṣé òfin tí ẹ ṣe lánàá kò kan tiyín ni?"

A wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Akísà ni wọ́n fi dì í lọ́rùn ẹsẹ̀, akísà náà sì ti rin gbingbin.

Kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ nínú wa. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà àti lọ́wọ́ Bàálẹ̀. Bàálẹ̀ ní, "Ẹ̀bẹ̀ yín ti tó. Ẹ gbé garawa."

Láti ọjọ́ náà, àwa la ń pọnmi fún ara wa àti fún gbogbo ilé tí sòbìà wà. A to òkúta sétí adágún kí ẹnikẹ́ni má baà wọnú rẹ̀ mọ́ kó tó bu omi. Ìgbà yìí gan-an ni àwọn tó kàn ń mi orí fún wa lálẹ́ àná bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí wọ́n ṣe ń so aṣọ asẹ́ mọ́ ẹnu ìkòkò, àti ohun tí wọn yóò ṣe bó bá ya.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní sòbìà ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Síbẹ̀, a kò mọ iye ẹni tó mu nínú omi àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ànábì wa kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lórí, a sì rán ẹlẹ́gbò wọ adágún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìrìn àjò báyìí nígbà ọyẹ́, kí ẹ tó la ẹnu wàásù, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń sìn yín. Kí Ọlọ́hun forí jì wá. Àmín.