Oko agbábọ́ọ̀lù lọ́nà Ìjàyè: Ẹni tó gbìn ín kọ́ ló ń kórè

Kò sí bí èèyàn ṣe lè gba Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn tí kò ní í kan Ìjàyè. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Ọ̀jọ́ọ̀, tẹ́ ẹ kọjá IITA, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣèwádìí ẹ̀gẹ́ àti iṣu láti ọdún 1967, Mọ́níyà ló kàn. Ibẹ̀ ni rélùwéè tuntun tó ń ti Èkó bọ̀ ti ń já èrò sílẹ̀ láti ọdún 2021. Láti Mọ́níyà lẹ óò ti yà sọ́wọ́ òsì, tí ariwo Ìbàdàn á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà séèyàn, tí oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo á gba ọ̀tún gba òsì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn láyé ìgbà tó jẹ́ kòtò lórí kòtò, tí eruku ń fi àwọ̀ bora fún èrò ọkọ̀, á mọ̀ pé ó ti yàtọ̀ látìgbà tí ìjọba Ṣèyí Mákindé ti tún un ṣe. Nǹkan bíi 30 kìlómítà péré ni Ìjàyè sí Ìbàdàn, ọ̀nà náà kò sì gba èèyàn lásìkò mọ́.

Ẹ má fojú kékeré wo Ìjàyè o. Àsìkò kan wà tí Ìjàyè àti Ìbàdàn jọ ń figagbága ni. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló wà níbẹ̀, ọkùnrin ogun tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ pa lórí. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà lọ́dún 1859, tí wọ́n fi Adélù ọmọ ẹ̀ jọba, Kúrunmí ní òun ò gbà, pé Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá baba ẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ọ̀rọ̀ náà di ogun lọ́dún 1860. Kúrunmí kú lọ́dún 1861, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 1862, Ìbàdàn fọ́ ìlú náà túútúú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yè bọ́ ló sá gba Abẹ́òkúta lọ. Ìtàn yìí ni Ọlá Rótìmí sọ di eré orí ìtàgé, tó pè é ní Kúrunmí.

Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ogun ni ìlú kékeré tí a ń pè ní Ìjàyè Orílé, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Iṣẹ́ oko ni iṣẹ́ ibẹ̀. Kódà, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń dá àwọn oko àjùmọ̀ṣe sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1959, Ìjàyè wà lára ibi tí wọ́n mú. Ísírẹ́lì ni wọ́n ti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni wọ́n ń ṣà jọ, wọ́n á fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n á kọ́ wọn níṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbàlódé, kí wọ́n má baà sá lọ sígboro. Èrò náà dáa, àmọ́ àbájáde ẹ̀ ò rí bí wọ́n ṣe rò ó. Owó ò tètè wọlé, iṣẹ́ sì le, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ló palẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì gba ìgboro lọ.

Lónìí, ohun mìíràn ló ń mú ọmọ abúlé wo ọ̀nà ìgboro, bọ́ọ̀lù sì ni. Ní gbogbo abúlé tó yí Ìbàdàn ká, láti Akínyẹlé dé Lágelú, dé Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tí àwọn ọmọ ti oko dé, tí wọ́n ti pọnmi tán, pápá ló kù. Ibi tí kò bá sí igi góòlù, bàtà méjì ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, mọ́ńkẹ́ẹ̀ pósì nìyẹn. Ibi tí kò bá sí owó bọ́ọ̀lù gidi, félélé ni wọ́n ń gbá. Ẹlòmíì á wọ búùtù ẹsẹ̀ kan, ọ̀rẹ́ ẹ̀ á wọ èkejì. Ẹni tí wọ́n ń pè ní kóòṣì lè jẹ́ káfíńtà, ó lè jẹ́ tíṣà, ó sì lè jẹ́ ọlọ́kadà tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí kí orúnkún ẹ̀ tó yẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sanwó oṣù fún un. Owó àpò ara ẹ̀ ló fi ń ra bọ́ọ̀lù, òun ló ń lọ bẹ màmá ọmọ pé kí wọ́n má jẹ́ kó polówó lọ́jọ́ tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá wà.

Nígbà ọdún Àjíǹde, ọdún Iléyá àti Kérésì, tí àwọn abúlé bá ń gbá kọ́ọ̀pù, àwọn àjèjì máa ń yọjú. Àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri nìyẹn. Wọn kì í pariwo. Wọn á dúró sábẹ́ igi, wọn á máa wò. Ẹ má rò pé ẹni tó gbá góòlù mẹ́ta sínú àwọ̀n ni wọ́n ń wò o. Wọ́n ń wò ó bóyá ọmọ náà máa ń gbójú sókè kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ òsì, nítorí kò wọ́pọ̀. Wọ́n ń wo bó ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé ó kápá lérí ni, àbí ó sá tẹ̀ lé e. Wọ́n tún ń wo gíga bàbá ẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọmọ á ga dé.

Tọ́rọ̀ bá ti délé, ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń rí. Àjèjì á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ kú ilé o. Ọlọ́run fi ọmọ yìí ta yín lọ́rẹ o. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé wa lọ sígboro." Bàbá á wo ọmọ, á wo oko, á ní, "Ẹ ṣeun o, ọ̀gá. Ta ni yóò wá bá mi kọ ebè? Ìwé tó ń kà ńkọ́?" Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí ló yẹ kí bàbá dúró gbọ́ dáadáa. Àmọ́ orúkọ òyìnbó tí wọ́n bá dá níbẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù, Bẹ́ljíọ̀mù, Denmark, ni kì í jẹ́ kí bàbá ó gbọ́ mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a ò lè bá wọn wí tán. Ìbàdàn ti rí ọmọ tálákà tó di olówó nídìí bọ́ọ̀lù. Mẹkáníìkì ni Mudashiru Lawal kó tó wọ ẹgbẹ́ IICC, ìyẹn Shooting Stars. Ó wà lára àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Ìbàdàn lọ́dún 1976, ó sì bá Nàìjíríà lọ sí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra. Kàdúná ni Rashidi Yekini ti wá bá ẹgbẹ́ yìí kan náà, láti ibẹ̀ ló ti lọ sí Abiola Babes, sí Àbíjàn, sí Pọ́túgà, tó fi di agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1993. Òun ló sì gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá sínú àwọ̀n nínú ìdíje àgbáyé, lọ́dún 1994.

Bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń ṣe é yẹ ká mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní baseball, igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Kílọ́ọ̀bù ńlá 30 ló wà nípele òkè. Láti ọdún 2021, kílọ́ọ̀bù ńlá kọ̀ọ̀kan ní kílọ́ọ̀bù kékeré mẹ́rin lábẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 120, káàkiri àwọn ìlú kéékèèké. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ, láti àtẹ̀gùn kan sí èkejì. Ẹ sì mọ orúkọ táwọn ará ibẹ̀ ń pe ètò náà? Oko ni wọ́n ń pè é! Kílọ́ọ̀bù ńlá ló ń sanwó àgbẹ̀, nítorí òun ni yóò kórè. Owó tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà kéré gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ilé fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ́dún 2022.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í débẹ̀. Demi Orimoloye, ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kánádà, kílọ́ọ̀bù Milwaukee Brewers mú un lọ́dún 2015, ọmọ ọdún 18 ni. Lọ́dún 2018 wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún àgbà agbábọ́ọ̀lù kan láti Toronto. Ó lo ọdún púpọ̀ nínú oko yẹn, kò dé ìpele òkè. Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, ọdún 2008 ni wọ́n gbà á, ọdún 2017 ló tó dé òkè, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí ọmọ bá kùnà, kì í ṣe bàbá ẹ̀ ló ta ilẹ̀ sí i.

Tiwa ńkọ́? Òfin wà tó yẹ kó ran Ìjàyè lọ́wọ́, àmọ́ àwọn tí ó kàn gan-an kì í sábà gbọ́ nípa ẹ̀. Láti ọdún 2001 ni FIFA ti ṣòfin pé tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ náírà 5 nínú 100 kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún gbogbo kílọ́ọ̀bù tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní wọ́n ta ọmọkùnrin kan ní mílíọ̀nù 10 owó Yúrò. 500,000 Yúrò ni wọn óò yọ. Kílọ́ọ̀bù tó wà láti ọdún 12 sí 15, sáà mẹ́rin, 100,000 Yúrò ló kàn án. Ẹ rò ó wò, bọ́ọ̀lù mélòó, pápá mélòó, owó ilé-ìwé ọmọ mélòó ni yóò ti ibẹ̀ jáde fún abúlé kan? Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọ́fíìsì kan ti wà ní Paris tí FIFA dá sílẹ̀ láti máa pín irú owó yìí.

Ibi tó ti dabarú rèé. Kílọ́ọ̀bù tí yóò gba owó náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, orúkọ ọmọ sì gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Kóòṣì abúlé tó ń fowó ara ẹ̀ ra félélé kò ní ìwé kankan. Nígbà tí ọmọ bá pé 16, akádẹ́mì ìgboro á mú un, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní tiwọn, bí ẹni pé ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bí i sínú bọ́ọ̀lù. Ọdún mẹ́rin tí Ìjàyè fi tọ́ ọ ti wọmi.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló tún wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ pátápátá. Wọ́n á ní kí ọmọ ọdún 17 máa pe ara ẹ̀ ní ọmọ ọdún 13, wọ́n ní ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ojú ti ti Nàìjíríà lórí ẹ̀ rí, nígbà tí FIFA lé wa kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì níparí àwọn ọdún 1980. Láti ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ tó wáyé nílẹ̀ wa lọ́dún 2009 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́. Àmọ́ ẹ tún wò ó lọ́nà mìíràn. Ọmọ tí wọ́n dín ọdún mẹ́rin kù nínú ọjọ́ orí ẹ̀, àwọn ọdún tó fi gbá bọ́ọ̀lù lábúlé láti 12 dé 15 ti di 8 dé 11 nínú ìwé. Kò sì sí owó kankan fún ọdún 8 dé 11. Ẹni tó bá parọ́ ọjọ́ orí ọmọ, owó abúlé ara ẹ̀ ló ń jù nù.

Àwọn gbájú-ẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Òfin FIFA ò gbà kí wọ́n ta ọmọ tí kò tíì pé 18 lọ sílẹ̀ òkèèrè, àyàfi fún ìdí díẹ̀ tí òfin náà kà sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun máa mú ọmọ ọdún 15 lọ Yúróòpù lọ gbá bọ́ọ̀lù, tó ní kí bàbá lọ wá owó físà, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ dáadáa. Jean-Claude Mbvoumin, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Kamẹrúùnù rí, dá ẹgbẹ́ Foot Solidaire sílẹ̀ ní Faransé lọ́dún 2000, nítorí àwọn ọmọ Áfíríkà tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ gbé lọ tí wọ́n sì já jù sílẹ̀ lójú pópó.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó ti Pólì Ìbàdàn gbá bọ́ọ̀lù fún IICC, lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Wásinmi, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìwé àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n jọ ń kọ́ ọmọ níbẹ̀, kí èyí tí kò bá di agbábọ́ọ̀lù má baà di aláìníṣẹ́. Ìjàyè ò ní owó irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tó kéré ju ìyẹn lọ wà níkàáwọ́ wọn. Kí àwọn abúlé mẹ́ta mẹ́rin para pọ̀, kí wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn lórúkọ, kí wọ́n lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí kóòṣì ra ìwé ńlá kan, kó máa kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí tòótọ́, ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tó lọ. Kí bàbá má fọwọ́ sí ìwé kankan tí tíṣà tàbí ẹni tó gbọ́ òyìnbó ò bá tíì kà fún un.

Bí ọmọ kan ṣoṣo nínú ìwé yẹn bá délé ayé, owó tí yóò padà sí Ìjàyè á tó ra ilẹ̀ pápá fún àwọn tó kù. Bí kò bá sì sí ìwé, a ó kàn máa rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ni, a ó máa sọ fáwọn èèyàn pé ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù, wọn ò sì ní í gbà wá gbọ́.