Gíláàsì iwájú ọ̀kadà: ṣé ó ń dáàbò bò wá, àbí ẹ̀ṣọ́ lásán ni?

Ẹni tó bá mọ Òṣogbo dáadáa yóò mọ ọjà Ìgbọ̀nà. Bí ata, iṣu àti gàrí ṣe ń wọ ibẹ̀ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà ń kó wọn jáde. Ìyá àgbà á gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan, abiyamọ á pọn ọmọ, wọ́n á jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, ó di ilé. Àwọn ọlọ́kadà mìíràn kì í dúró sígboro, wọ́n ń já sí títì Iléṣà, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 30.

Tẹ́ ẹ bá wo àwọn ọ̀kadà tó tò síbẹ̀, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò ní ohunkóhun tó dínà atẹ́gùn níwájú. Àwọn díẹ̀ ló de rọ́bà tó mọ́ gaara bíi gíláàsì mọ́ tiwọn, àwọn kan sì de agboòrùn mọ́ ọn. Èwo wá ni ká gùn?

Ká sọ òótọ́, gíláàsì yẹn wúlò. Tí ọ̀kadà bá ń sáré, atẹ́gùn, eruku àti kòkòrò ló ń kó sí ọlọ́kadà lójú. Ọ̀kadà tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan á ti rin nǹkan bíi mítà 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí kòkòrò bá mú kí ọlọ́kadà dijú fún ìwọ̀nba àkókò yẹn, ta ló ń wo ọ̀nà? Oòrùn, atẹ́gùn àti eruku ọlọ́jọ́ pípẹ́ sì wà lára ohun tó ń mú kí ẹran hù bo ẹyinjú.

Àmọ́ gíláàsì náà ní àléébù. Tó bá ti ha, tí eruku bò ó, iná mọ́tò tó ń bọ̀ lálẹ́ á fọ́n káàkiri lára rẹ̀, ọlọ́kadà ò ní ríran mọ́. Tí ọkọ̀ akẹ́rù bá sì ré kọjá lójú títì, atẹ́gùn rẹ̀ lè ti gíláàsì náà, kí ọ̀kadà máa mì. Ti agboòrùn tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi gíláàsì fèrèsé ṣe é, ẹ má gùn ún rárá, nítorí tó bá fọ́, ó ń géni.

Nínú ọjà Ìgbọ̀nà tí ọ̀kadà ti ń rọra rìn láàárín èrò, gíláàsì ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ojú títì Iléṣà ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Iṣẹ́ ọ̀hún náà, ọlọ́kadà ló ń ṣe é fún. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ti fi ẹ̀yìn ọlọ́kadà ṣe odi, eruku ẹ̀gbẹ́ ló ń bá a. Ẹ̀yin àgbà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ẹ wọ awò tiyín, tàbí kẹ́ ẹ wọ kọ̀rọ̀pẹ̀.

Ohun tó ń gba ẹ̀mí là gan-an ni àṣíborí, èyí tá a ń pè ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ní January 1, ọdún 2009, nígbà tí àjọ Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé e, láwọn ibì kan nílẹ̀ yìí, igbá làwọn ọlọ́kadà dé. Àwọn èrò náà ń bẹ̀rù pé wọ́n lè ti fi oògùn sínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n igbá kò lè gba orí sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dà títì. Àkójọ ìwádìí tí àjọ Cochrane gbé jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé láàárín àwọn tó ní jàǹbá ọ̀kadà, àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu ìpalára orí kù ní ìdá 69. Ẹ̀yin ìyá, ẹ tú gèlè, kẹ́ ẹ fi ṣíkáàfù fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀ nítorí ìmọ́tótó, kẹ́ ẹ sì de okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Èyí tó ní gíláàsì ojú tiẹ̀ ló dáa jù, torí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀.

Ọmọ tẹ́ ẹ pọ̀n ńkọ́? Òun ló wà lẹ́yìn pátápátá, kò sí àṣíborí tó bá orí rẹ̀ mu, kò sì sí gíláàsì tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi owó díẹ̀ kún owó ọkọ̀, kẹ́ ẹ gbé e wọ kọ̀rọ̀pẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọdé sórí táǹkì epo níwájú.

Tí nǹkan bá kó síni lójú, ẹ má fọwọ́ ra á. Omi tó mọ́ lẹ ó fi ṣàn án dáadáa. Ẹ má fún omi ọyàn sí i, ẹ má da ìtọ̀ sí i. Tó bá ṣì ń dunni tàbí tí kò ríran kedere, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ gbà, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni sáléńsà tó ń jóni lẹ́sẹ̀ sábà máa ń wà. Tó bá jóni, ẹ da omi tútù sí i fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé Ìgbọ̀nà, ẹ má fi gíláàsì iwájú yan ọ̀kadà. Ẹ wo ọlọ́kadà fúnra rẹ̀: ṣé ojú rẹ̀ dá, ṣé ó ní àṣíborí méjì, ṣé ó ń rọra sáré? Èyí tó bá kùnà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.