Orúkọ Tí A Kò Béèrè

Àbókì ni gbogbo wa ń pè é. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa ní Ìbàdàn ló ti ń rán bàtà, kí wọ́n tó bí mi ló sì ti wà níbẹ̀. Bí bàtà ilé-ìwé mi bá ya, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màmá mi máa ń ní kí n gbé e lọ. Bí owó ọwọ́ mi kò bá pé, á ní, "Máa lọ, mú èyí tó kù wá lọ́la." Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì mọ orúkọ gbogbo àwa ọmọdé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa ni a kò mọ orúkọ tirẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá. Èdè-àìyedè láàárín ènìyàn méjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi di ìjà Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sun ilé àti ṣọ́ọ̀bù, títí gómìnà fi ti ọjà náà pa, tó sì kéde kónílé-ó-gbélé. Àdúgbò wa jìnnà sí Ṣáṣá, àmọ́ orí fóònù ni ìbínú náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Lóru ọjọ́ kan, mo gbọ́ ariwo, mo sì yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ló dúró ti ìsọ̀ Àbókì. Ọ̀kan gbé gálọ́ọ̀nù dání. Kí n tó ṣẹ́jú, iná ti sọ. Ìsọ̀ náà jóná, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń rán bàtà àti bàtà oníbàtà tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń pariwo pé, "Ẹ padà sí ìlú yín!" Mo dá ohùn náà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó máa ń kọ́ mi ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọlọ́pàá méjì dé. Ọ̀kan mú bírò jáde, ó béèrè pé, "Kí lorúkọ ẹni tó ni ìsọ̀ yìí?" Àwọn àgbà ń wo ojú ara wọn. Ẹnìkan ní, "Àbókì ni, sà." Ọlọ́pàá náà ní, "Àbókì kì í ṣe orúkọ." Ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni rí àwọn tó ṣe é. Ọwọ́ màmá mi wà ní èjìká mi. Ó fún un pinpin. Mo dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn lánlọ́ọ̀dù ṣe ìpàdé. Wọ́n dá owó jọ fún Àbókì, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọwọ́ wọ́nú. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó gba owó náà, ó dúpẹ́, ó sì kó lọ. Bí ẹjọ́ náà ṣe parí nìyẹn.

Nígbà tí mo wọ SS2 ni ọ̀rọ̀ yìí tún jí nínú mi. Olùkọ́ Civic Education wa sọ ìtàn Stephen Lawrence fún wa. Ọmọ ọdún 18 ni Stephen, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jamaica. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1993, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Eltham, ní ìlú London, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun kan kọlù ú, tí wọ́n sì gún un lọ́bẹ pa. Kò bá wọn jà, kò sì bú wọn. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ènìyàn ti dárúkọ àwọn afurasí fún ọlọ́pàá, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1999, ìgbìmọ̀ tí Sir William Macpherson darí sọ pé ẹ̀tanú ẹ̀yà ti wọ inú iṣẹ́ ọlọ́pàá London fúnra rẹ̀, wọ́n sì dá àbá 70. Ọdún 2012 ni ilé-ẹjọ́ tó dá ẹni méjì lẹ́bi ikú rẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn òbí Stephen kò dákẹ́.

Olùkọ́ wa fi kún un pé láti ọdún 1998 ni òfin ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí ẹnìkan bá lu ènìyàn, tàbí tó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́, nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ìjìyà rẹ̀ lè ju ti ẹni tó ṣe irú rẹ̀ láìsí ìkórìíra lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Mà, ẹni tó dáná sunlé, ó dáná sunlé ni. Kí ló kàn wá nípa ohun tó wà nínú rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Òfin tiwa náà lè sọ ẹni tó dáná sunlé sí ẹ̀wọ̀n gbére, ohun yòówù kó fà á. Bẹ́ẹ̀ ni abala 41 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ọmọ orílẹ̀-èdè yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ibi tó bá wù ú, abala 42 sì lòdì sí fífi ìyà jẹ ẹ́ nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo rántí ohun kan. Kó tó di ọjọ́ kẹta tí ìsọ̀ náà jóná, ọkùnrin tó ń ta súyà ní òpópónà kejì ti kó lọ. Ìyá tó ń ta fúrá náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Bó bá ṣe pé olè ló jí ẹ̀rọ Àbókì ni, Àbókì nìkan ni ìbá sunkún. Iná ìkórìíra yàtọ̀: ìsọ̀ kan ló jó, ìdílé mẹ́ta ló lé lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọlọ́pàá kọ ohun tó fa ọ̀ràn sílẹ̀, kí adájọ́ sì wò ó.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti màmá mi lọ ra ata ní ọjà Bódìjà. Mo gbọ́ tí ẹnìkan pe orúkọ mi. Òun ni! Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ní ìsọ̀ kékeré kan níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo wá béèrè orúkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ fún mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo rí àwọn tó sun ìsọ̀ yín."

Ó ní, "Èmi náà rí wọn."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Ta ni ìbá jẹ́rìí mi?"

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Màmá mi náà wo ilẹ̀.

N kò dá màmá mi lẹ́bi. Ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ ló ń bà á. N kò sì sọ pé òwe àwọn àgbà kò dára. Ó dára fún ọmọ ìyá méjì tó ń jà sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lọ sí kóòtù, Àbókì kò sì jẹ́ ọ̀rẹ́ wa mọ́. Kì í ṣe àìsí òfin ló pa ẹjọ́ rẹ̀. Àìsí ẹlẹ́rìí ni, mo sì wà lára àwọn tó yẹ kó jẹ́rìí.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí ọmọ bá rí ibi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún èjìká rẹ̀. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú, kí ẹ jọ lọ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní ìṣirò ṣì ń gbé àdúgbò wa. Mo máa ń kí i, ṣùgbọ́n n kò lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. N kò kọ orúkọ ọkùnrin tó ń rán bàtà síbí, nítorí kò fún mi láṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá tún béèrè, mo ti mọ̀ ọ́n.