Ojú Ta Ni Ká Fi Síwájú Páálí?

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, àgúnmu tí èmi ń gún láti ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, bó ti ń dùn lẹ́nu mi ló ń korò. Iṣẹ́ àwòrán ni mò ń ṣe. N kò gba owó oṣù rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá ni mò ń bá ṣe é. Àwọn tó sì ń gbé e wá jù ni àwọn máákẹ́tà fíìmù ní Ọjà Àlàbá, ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì.

Ẹni tí kò mọ Àlàbá dáadáa, tẹlifíṣọ̀n, fìríìjì àti jẹnẹrétọ̀ ló máa rò. Kò ṣì í. Ṣùgbọ́n ta ló máa ra ẹ̀rọ fídíò bí kò bá ní ohun tí yóò wò nínú rẹ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fíìmù ti wọ ọjà. Kenneth Nnebue tó gbé Living in Bondage jáde ní 1992, oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì ni kó tó di olówó fíìmù, fíìmù Yorùbá ló sì kọ́kọ́ náwó lé lórí kó tó ṣe ti Ìgbò yẹn. Láti ìgbà náà ni owó fíìmù ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, ní Àlàbá, ní Ìdúmọ̀tà, ní Onitsha àti Aba. Ẹ má rò pé ẹni tó ń tajà lásán ni máákẹ́tà o. Òun ló ń gbé owó sílẹ̀, òun ló ń sọ òṣèré tí wọn yóò pè, òun náà ló sì ń sọ fún èmi ojú ẹni tí n óò fi síwájú páálí.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ páálí kásẹ́ẹ̀tì ní 1994, abẹ, gọ́ọ̀mù àti búrọ́ọ̀ṣì ni irinṣẹ́ mi, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Òkokomáíkò. N óò gé fọ́tò àwọn òṣèré, n óò lẹ̀ wọ́n pọ̀, n óò fọwọ́ ya orúkọ fíìmù kí lẹ́tà rẹ̀ máa jó bí iná. Ó di Ṣómólú, lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọ̀ mẹ́rin péré tẹ oríṣiríṣi àwọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́. Páálí tó dára gbọ́dọ̀ pe èèyàn láti òdìkejì ọ̀nà, láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti igbe àwọn alábàárù, kí ẹni tó wá ra wáyà iná dúró, kó ní, "Èyí ńkọ́, èló ni?"

Kọ̀ǹpútà dé. Èmi wà lára àwọn tó tètè yáwó rà á, mo kọ́ CorelDRAW títí ojú fi ń ro mí. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin di iṣẹ́ ọ̀sán kan. Mo ní ìgbà ìsinmi dé. Ìsinmi kẹ̀! Ṣé àwọn máákẹ́tà kò lójú ni? "Ọ̀gá Átíìsì, bọ́tìnnì lẹ kàn ń tẹ̀ báyìí, kí ló dé tí owó yín kò wálẹ̀?" Owó wálẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ sí i, oorun mi sì dín kù.

Ọ̀rọ̀ ìyá kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ayé VCD ni, ní 2005. Ìyá náà ti ń ṣeré láti ìgbà tí ẹgbẹ́ eléré ṣì ń fi mọ́tò kiri láti ìlú dé ìlú, òun ló sì gbé fíìmù náà lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú rẹ̀ ni mo fi síwájú. Máákẹ́tà wò ó, ó ní, "Ta ló mọ̀ ọ́n?" Ọmọge kan tí òkìkí rẹ̀ ń kàn nígbà náà, tó farahàn lẹ́ẹ̀mejì péré nínú eré, òun ló fẹ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni tó bá tìtorí ọmọ yìí rà á yóò bú wa o." Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó bú wa. Yóò ti sanwó ná." A fà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí mo rí gbà fún ìyá kò ju orí kékeré kan lọ, lẹ́yìn èjìká ọmọge.

Ìyá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé páálí náà sókè, ó wò ó pẹ́. "Ọmọ mi, ṣé ó tà?"

"Ó tà gan-an, Màmá."

"Wọ́n ti pè mí sí òmíràn. Kí wọ́n gbé mi sẹ́yìn, kí owó mi ṣáà ti wà níwájú." Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín in. Bẹ́ẹ̀, bí n bá sọ pé máákẹ́tà yẹn pa ìyá lára, ìyá fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ já mi nírọ́.

Àwọn tó ń jí fíìmù tẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á kó ogún fíìmù sínú díìsì kan, wọ́n á tà á ní owó ẹyọ kan. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n gé orí mẹ́fà láti ara páálí mẹ́fà tí mo ṣe, tí wọ́n tò wọ́n bí ẹni to ẹja sórí àtẹ. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: àwọn olè yìí gbàgbé láti yọ nọ́ńbà fóònù mi tó wà ní wínníwínní nísàlẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan pè mí láti Kútọnu, ó ń sọ Yorùbá àwọn ará Àjàṣẹ́, ó ní òun rí iṣẹ́ mi lára díìsì. Ọdún mẹ́ta la fi ṣiṣẹ́ pọ̀, kò jẹ mí ní kọ́bọ̀. Olè ló polówó mi fún un, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn olórin kan tilẹ̀ wà tó ń fi owó bẹ àwọn DJ Àlàbá kí wọ́n ṣáà fi orin àwọn sínú CD àpapọ̀ wọn. N kò bú wọn. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Lónìí, ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá ló ní ìkànnì tirẹ̀ lórí YouTube. Mo rò pé páálí ti kú nìyẹn. Kò kú o, ó kàn súnkì ni. Àwòrán kékeré tí ẹ máa ń rí kí ẹ tó tẹ fíìmù, òun ni páálí ayé ìsinsìnyí. 1280 pixel ní ìbú, 720 ní gíga ni mo ń ṣe é, ṣùgbọ́n lórí fóònù, díẹ̀ ló fi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹkún, ìbọn, ọkọ̀ olówó ńlá, ẹnu tó la sílẹ̀ gbàgà: gbogbo ohun tí Àlàbá kọ́ mi ló ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ogójì fíìmù wá láìpẹ́ yìí, ó ní kí n fi ẹ̀rọ AI ya gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo dán ẹ̀rọ náà wò. Ó ya ọba tó rẹwà, adé orí rẹ̀ ń dán, ìlẹ̀kẹ̀ kún ọrùn. Ẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀ bà mí. Ṣùgbọ́n ọba yẹn kò jọ ẹnikẹ́ni tó wà nínú fíìmù. Irọ́ máákẹ́tà àtijọ́ sàn: ọmọge tó fi tàn yín jẹ ṣáà farahàn lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹ̀rọ yìí, ẹni tí ìyá kankan kò bí ló fi ń polówó. Mo ní ojú àwọn tó ṣeré gan-an ni n óò lò, kí ẹ̀rọ bá mi ṣe ẹ̀yìn wọn: sánmà, ààfin, igbó. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n dín owó kù. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ẹ̀rọ ṣe tó tù mí nínú. Láti 2024, YouTube fàyè gba onífíìmù láti fi àwòrán mẹ́ta sórí fíìmù kan, òun fúnra rẹ̀ á sì máa ṣírò èyí tó jẹ́ kí àwọn èèyàn wò ó pẹ́ jù. Kì í ṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń kà, ó ń ka ẹni tó jókòó tì í. Máákẹ́tà mi àtijọ́ kò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ parí síbi tí owó ti wọ àpò. Mo ti dán an wò lórí fíìmù mẹ́ta: ojú olókìkí, iná àti ìbọn, àti ojú ẹni tó gbé eré náà lórí. Nínú méjì, ẹni tó gbé eré lórí ló borí. Nínú ẹ̀kẹta, olókìkí tó farahàn lẹ́ẹ̀kan péré fi í sílẹ̀ jìnnà réré. Oníbàárà mi ní ti olókìkí ni kí n ṣe fún gbogbo èyí tó kù. Mo ní kó kọ́kọ́ san owó mẹ́ta tí mo ti ṣe ná.