Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ohun Tí Ìbẹ̀rẹ̀ Ṣèyí Ọlọ́finjànà Ń Sọ fún Ọ̀dọ́ Ìbàràpá

Ní ọdún 2004, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Wolverhampton Wanderers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 owó pọ́ùn láti ra ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Nàìjíríà kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Brann ti orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Ṣèyí Ọlọ́finjànà ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni, ó ga fíofío, àárín pápá ni ó sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Lójú àwọn òǹwòran ibẹ̀, Nọ́wè ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ní Nọ́wè rárá. Ogbómọ̀ṣọ́ ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti gbilẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà tí Ìbàràpá wà.

Ó yẹ kí àwọn ará Ìbàràpá gbé ìtàn yìí yẹ̀ wò dáadáa. Ní ìlú méjèèje, láti Èrúwà dé Ìgàngàn, láti Lánlátẹ̀ dé Igbó-Ọrà, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, pápá ilé ìwé kì í ṣófo. Ọmọ tó ti oko dé àti ọmọ tó ti ẹnu iṣẹ́ ọwọ́ dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé ọmọ iléèwé, tí wọn yóò sì pín ara wọn sí ọ̀nà méjì. Púpọ̀ nínú wọn ni Yúróòpù wà lọ́kàn wọn. Kò sí aburú nínú èyí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ, àti òbí pẹ̀lú, ti gbà pé bọ́ọ̀lù àti ìwé kò lè gbé inú ilé kan, àti pé ọmọ tí kò bá tíì wọ ọkọ̀ òfurufú nígbà tó pé ọdún 17 ti pẹ́ jù. Ìbẹ̀rẹ̀ Ọlọ́finjànà tako èrò méjèèjì.

Ipò agbábọ́ọ̀lù àárín kì í ṣe ipò tí ènìyàn ń mọ̀ lóòjọ́. Ẹni tó wà níwájú lè fi eré sísá nìkan gba orúkọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó wà ní àárín kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, òun ni yóò wá ẹni tí yóò gbé e fún, òun náà ni yóò sì sáré padà sẹ́yìn bí nǹkan bá yí bìrí. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sí. Àfi kí ọ̀dọ́ bá àgbà gbá a, kí wọ́n fi èjìká tì í ṣubú, kí ó dìde, kí ó tún wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ni irú òye bẹ́ẹ̀ tó lè wọ̀ ọ́ lára. Ilé ni irú ẹ̀kọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìlú Èkó ni wọ́n bí Ọlọ́finjànà sí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1980. Nígbà tó wọ Fásitì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí LAUTECH, ní Ogbómọ̀ṣọ́, ìmọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ mọ́ kẹ́míkà ni ó ń kọ́. Ẹni tó bá mọ ẹ̀kọ́ náà mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ òsì mú: ìṣirò wà níbẹ̀, iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò náà wà níbẹ̀. Ìlú yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Crown wà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí Kwara United ní Ìlọrin, ìlú tí kò jìnnà sí Ogbómọ̀ṣọ́. Orí pápá tiwa, níwájú èrò tiwa, ni ó ti di ẹni tó lé ní ogún ọdún kí Yúróòpù tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 2003 ni ó lọ sí Brann, ní ìlú Bergen. Òjò pọ̀ ní ìlú náà ju bí ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù ti rí lọ. Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní igba. Líìgì Nọ́wè kì í ṣe líìgì ńlá, àwọn ọmọ tó ń jókòó sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù nílé wa kì í sì í sanwó láti wò ó. Àtẹ̀gùn ni ó jẹ́ fún Ọlọ́finjànà, ó sì gùn ún. Nígbà tó dé Wolverhampton, ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ kúrò ní Premier League ni, ó sì lo sáà mẹ́rin pẹ̀lú wọn ní ìpele kejì. Ọdún 2008 ni Stoke City, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, mú un wọ Premier League. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Rory Delap ju bọ́ọ̀lù wọlé láti etí pápá, Ọlọ́finjànà sì sọ ọ́ di góòlù sílé Arsenal. Stoke borí pẹ̀lú àmì ayò méjì sí ẹyọ kan. Ọmọ ọdún 28 ni nígbà náà. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀. Kò fo àtẹ̀gùn kankan, kò sì sí èyí tó gùn tó já sí òfo.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ kò dí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gba oyè rẹ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Orúnkún agbábọ́ọ̀lù lè yẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí gbogbo ìlérí ọdún mẹ́wàá sì di àwátì. Ẹni tó ní apá kejì kò ní fi gbogbo ara lulẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọlọ́finjànà fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀, ó di ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní ẹgbẹ́ Grasshopper ti ìlú Zurich, ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Irú ipò bẹ́ẹ̀, orí ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Ìbàràpá kò ṣaláìní ibi tí irú apá kejì bẹ́ẹ̀ ti lè hù. Ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe Adéṣeun Ògúndoyin wà ní Èrúwà, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà, ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni sì wà ní Lánlátẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta nìyẹn láàárín àwọn ìlú tí kò jìnnà síra. Bí Ogbómọ̀ṣọ́ bá lè tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó tún jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, kò sí ìdí tí Èrúwà tàbí Igbó-Ọrà kò fi lè tọ́ òmíràn.

Ọlọ́finjànà kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba ọ̀nà sùúrù. Ní Abẹ́òkúta, tó múlé gbe Ìbàràpá, ni wọ́n ti bí Múdà Láwàl ní ọdún 1954. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó gbà á. Àárín pápá ni òun náà ti ń gbá a fún Shooting Stars ní Ìbàdàn, nígbà tí orúkọ ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ IICC. Ní ọdún 1976, wọ́n gba ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife ní Áfíríkà, ife ilẹ̀ Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan yóò gbà. Láti 1976 títí di 1984, ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ márùn-ún tẹ̀léra ni ó kópa nínú wọn, òun ni ó sì gbá góòlù kẹta wọlé nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní àmì ayò mẹ́ta sí òdo ní 1980. Ó kú ní ọdún 1991, ní ọmọ ọdún 37. Pápá ìṣeré kan ní Aṣẹ̀rò ní Abẹ́òkúta ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Mutiu Adépọ̀jù, ọmọ Ìbàdàn, ni tirẹ̀ yára. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi dé Real Madrid, lẹ́yìn ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1989 ní Saudi Arabia. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di 1992 tó fi lọ sí Racing Santander, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti hàn gedegbe ní Sípéènì. Nígbà tí Nàìjíríà bá Sípéènì pàdé nínú Ife Àgbáyé ọdún 1998, òun ni ó fi orí kan góòlù àkọ́kọ́ wa. Ẹni tí ilẹ̀kùn ńlá tètè ṣí fún pàápàá, ó kọ́kọ́ dúró ní ìloro ni.

Ẹnìkan lè sọ pé ayé ti yí padà. Òótọ́ ni. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Yúróòpù fẹ́ mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18, nítorí wọ́n fẹ́ tún un tà. Òfin àjọ FIFA kò sì fàyè gba kí wọ́n mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, àyàfi fún àwọn ìdí díẹ̀ kan. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń yí ọjọ́ orí: ẹni ọdún 22 yóò di ẹni ọdún 18, ọmọ ọdún 16 yóò sì di ẹni ọdún 18. Nàìjíríà ti jẹ iyán irú èyí rí. Ní ọdún 1989, FIFA fi òfin ọdún méjì dè wá kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò bá ara mu nínú ìwé wọn. Ìdíje àgbáyé ọ̀dọ́ ti ọdún 1991 tó yẹ kí ó wáyé nílẹ̀ wa bọ́ sọ́wọ́ Pọtogí. Irọ́ ènìyàn díẹ̀ ni gbogbo ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè san gbèsè rẹ̀.

Ìwé tó péye kì í dáàbò bo orúkọ nìkan, owó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 2001 ni FIFA ti là á sílẹ̀ pé bí agbábọ́ọ̀lù bá ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn tí wọ́n sì sanwó lé e lórí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Sáà kọ̀ọ̀kan láti ọdún 12 sí 15 ní ìdá mẹ́rin ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ọdún 16 sí 23, ìdajì ìdá kan ni. Ẹ jẹ́ kí á fi irú owó tí Wolverhampton san ṣe ìṣirò. Nínú mílíọ̀nù 1.7 owó pọ́ùn, ìdá márùn-ún jẹ́ 85,000. Ẹgbẹ́ kékeré tí irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn fún sáà méjì, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17 àti 18, ní ẹ̀tọ́ sí 17,000 pọ́ùn. Owó yẹn lè gbẹ́ kànga sí pápá, kí ó ra bàtà, kí ó sì san owó akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò forúkọ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù kò ní ohun tí yóò fi gbà á. Bí ìwé kò bá sí, bí ẹni pé wọn kò tọ́ ọmọ náà rárá ni.

Àìmọ̀ yìí gan-an ni àwọn ayédèrú aṣojú agbábọ́ọ̀lù ń jẹ. Wọn yóò dé pẹ̀lú fóònù olówó ńlá àti àwòrán pápá ìṣeré òkè òkun, wọn yóò ní kí bàbá ọmọ wá owó físà àti owó ìdánwò. Ilẹ̀ oko tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí láti ìgbà baba ńlá wọn yóò di títà. Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo òbí fi sọ́kàn: ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni ó ń sanwó, kì í ṣe òbí agbábọ́ọ̀lù. FIFA ń ṣe ìdánwò fún àwọn aṣojú, ó sì ń fún àwọn tó yege ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní aṣojú, ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ kí ẹ tó bi í léèrè ọjọ́ ìrìnàjò.

Ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ìbàràpá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí pápá. Ohun tó kù ni kí ilé ìwé jẹ́ kí ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jókòó ti ìwé rẹ̀, kí òbí má ṣe yí ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹ́ kí ó bá àgbà gbá a kí ó tó máa wá òkè òkun, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sì ra ìwé ńlá kan, kí ó kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tó lọ, kí ó sì fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí àjọ bọ́ọ̀lù. Kò sí èyí tó ná ìlú ní mílíọ̀nù kankan nínú wọn.